Ẹrù Ìwé Lórí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera: Àgbéyẹ̀wò láti Ìlú Tamale

Kí ọdún 1969 tó dé, agbára káká ni a fi lè rí ọjà ńlá kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gáná tí a kò ní í bá ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ní Tamale pàápàá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, àwọn ará Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí, àti àwọn ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, ti pàtẹ aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sin òbí sí ilẹ̀ Dàgọ́mbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí sì di ohun tí wọ́n lè dì, wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, wọ́n dorí kọ ilé. Ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní 1974 a ṣí ilé-ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀. Ní 1992 ìjọba dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní UDS, sílẹ̀. Ní 1993 ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nyankpala lẹ́bàá ìlú. Ní 1996 ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2005 ẹ̀wẹ̀, ilé-ìwòsàn ńlá náà di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni. Báyìí ni ìlú tí àwọn bàbá wa mọ̀ mọ́ ẹrù ọjà ṣe di ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ru ẹrù ìwé, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ agbẹ̀bí, iṣẹ́ apoògùn, àti iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ awò yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò.

Ẹrù yìí wúwo. Ẹni tí kò bá tíì rù ú rí lè rò pé ọ̀lẹ ni ó ń pariwo, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a óò rí i pé ohun tí ó tó ẹkún ni. Egungun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà, iṣan ara sì lé ní 600, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní orúkọ tí a fi èdè Látìnì tàbí ti Gíríìkì sọ, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí, ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èyí kò sì ju ẹyọ kan nínú ẹ̀kọ́ ọdún ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí pé bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí oúnjẹ ṣe ń di okun inú ẹ̀jẹ̀ tún ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́fà ni ẹni tí yóò di dókítà yóò lò nínú èyí, kí ó tó wá lọ ṣe iṣẹ́ àkọ́ṣe ọdún kan ní Nàìjíríà tàbí ọdún méjì ní Gáná. Ti nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tún yàtọ̀: wọn a gbọ́ ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, wọn a dúró ní wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán tàbí lóru, ọmọ tuntun kì í sì í bi agbẹ̀bí bóyá ọ̀la ni ìdánwò rẹ̀ kí ó tó mú ìyá rẹ̀ rọbí.

Ilẹ̀ Tamale tún fi tirẹ̀ kún un. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ lọ́dún. Lẹ́yìn ọyẹ́ tí ó máa ń bẹ́ ètè, ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin a dé, ooru tí kì í jẹ́ kí òru tutù, bí iná mànàmáná bá sì lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí fáànù dúró, tí àwọn ará Gáná kígbe pé dumsor dé, ìwé kò ní í ṣeé kà, oorun kò sì ní í ṣeé sùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni àìsàn ọpọlọ tí í máa gan ọrùn ènìyàn máa ń jà kiri gbogbo ìhà àríwá yìí, tí wọ́ọ̀dù yóò sì kún. Ọmọ tí ó ti Kumasi tàbí Ho wá gbọ́dọ̀ kọ́ èdè Dagbani tó èyí tí yóò fi kí arúgbó tí ó wà lórí ibùsùn, tí yóò sì fi bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní máàkì nítorí rẹ̀.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá ṣe tí ẹrù yìí kò fi ní í ṣẹ́ ẹ lọ́rùn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dáhùn ìbéèrè yìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn sì ni pé kí ó túbọ̀ le ara, kí ó dín oorun kù, kí ó jókòó ti ìwé. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo sì gbà pé ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Bí a ti di ẹrù, bí a ti ká òṣùká sábẹ́ rẹ̀, àti iye ọwọ́ tí ó bá ni sọ̀ ọ́, ni ó ń pinnu bí yóò ṣe dé ilé, ju bí ọrùn ẹni tí ó rù ú ti nípọn tó lọ.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe akẹ́kọ̀ọ́. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ abẹ́ Olúmọ, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láàárín àwọn ará abúlé ní 1954, dókítà ará Kánádà kan wà tí ń jẹ́ Raymond Prince, tí ó kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá sọ́dọ̀ àwọn pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, orí wọn ń gbóná, ohun kan ń rìn wọ́n níriníri lágbárí, wọn a ka ojú ewé kan tán, wọn kò sì ní í lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó pè é ní brain fag, èyí tí àwa lè pè ní àárẹ̀ ọpọlọ. Ohun tí ó jọ mí lójú nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò dá ọmọ náà nìkan wò. Ó wo ẹbí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹbí tí ó ta oko, tí ó yáwó, tí ó so ìrètí gbogbo ilé mọ́ ọmọ kan ṣoṣo lọ́rùn, ó sì wo ìwé kíkà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ àdánìkanṣe tí ó ṣàjèjì sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà láàárín agbo ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, tún wá fi ìka kan àwọn oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n, àti àìsùn tí í máa bá a rìn.

Àwọn oníṣègùn kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀ títí di òní. Ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀ kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1994; nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́, àwọn kan sì ń wí pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn lásán ni, tí ó wọ agbádá ilẹ̀ wa. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi jà sí orúkọ. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan kó iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogójì jọ, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn 27 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì hàn lára wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń kún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn káàkiri ayé.

Ní ti àìsùn, ibẹ̀ ni ìṣìnà ti pọ̀ jù. Ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ fún kíka ìwé mọ́jú, wọ́n ń pè é ní TDB, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ti Gáná náà ní tiwọn fún kí a kó ìwé sórí kí a sì tú u sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ní chew and pour. Obì, kọfí, àti oògùn tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ níwájú òbí, ni wọ́n fi ń jà pẹ̀lú oorun. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi hàn ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pé ẹni tí ó kọ́ nǹkan tí ó sì sùn lé e lórí kì í gbàgbé rẹ̀ tó ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó sì wà lójúfò fún iye wákàtí kan náà. Ọmọ tí ó bá fi òru mẹ́rin ka ìwé láìsùn ń fi ọwọ́ kan kó, ó sì ń fi ọwọ́ kejì dà á nù.

Ṣáájú àwọn wọ̀nyẹn, ní 1885, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò: ó há ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀ sórí lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Ó rí i pé kí ilẹ̀ tó ṣú kí ó tún tó mọ́, èyí tí ó pọ̀ jù ti lọ, ṣùgbọ́n pé bí a bá pín àtúnkà sí ọjọ́ bí mélòó kan, ó dúró ju kí a kà á ní àkàpọ̀ lọ. Ní 2006, Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan náà kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn kan pa á dé kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ló borí, inú wọn sì dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó dán ara wọn wò rántí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó tún un kà kò sì rántí ju 42 lọ. Ìdùnnú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ó ń tan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Nígbà tí Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá kalẹ̀ ní 2013, tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kíkun ìwé ní àwọ̀ ìyeyè àti títún un kà, tí ó jẹ́ àyànfẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n gbé sí ẹ̀yìn. Dídán ara ẹni wò àti pípín ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n gbé sí iwájú.

Ta ni kò wá mọ̀ pé àwọn baba wa ti ń ṣe èyí kí òyìnbó tó dé? Ẹ wo ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá. Odù 256 ni Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ inú wọn kò sì lóǹkà; síbẹ̀ a kì í rí babaláwo tí ó kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí ní òru ọjọ́ kan. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ mọ ojú odù lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ẹsẹ̀ kan, yóò kì í fún olúwo gbọ́, olúwo yóò tún un ṣe. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tó gba òmíràn, yóò kọ́kọ́ kì ti àná. Yóò jókòó ní ìpàdé awo, yóò gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń kì í, wọn a sì bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Dàgọ́mbà náà, ẹ bi àwọn lunsi, àwọn onílù tí ó há ìtàn àwọn Ya Naa, ọba Yendi, sórí láti ìran dé ìran: láti kékeré ni bàbá ti ń kọ́ ọmọ, ní ìwọ̀nba, títí tí yóò fi lè dúró ní àgbàlá ọba lálẹ́ ọjọ́ ọdún kí ó sì fi ìlù àti ẹnu sọ ìtàn náà títí di òwúrọ̀. Àwọn ọmọ kéwú ní Tamale àti ní Ìlọrin ń kọ̀wé sórí wàláà, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́ nù kí wọ́n tó kà á lórí fún àfáà. Ohun kan ni ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: a ń gbà á díẹ̀díẹ̀, a ń dá a padà lẹ́nu kí a tó gba òmíràn, ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ tí ń gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí ń gbọ́ yìí ni ó mú wa padà sí Tamale, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn UDS ti yan ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí 2007 ni wọ́n ti ń fi ìṣòro aláìsàn kọ́ni, ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn McMaster ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 1969: a ó kó akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ yí olùkọ́ kan ká, a ó gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan síwájú wọn, wọn yóò jíròrò lórí rẹ̀, wọn yóò mọ ohun tí ó kù fún wọn láti kọ́, oníkálukú yóò lọ wá a, wọn yóò sì padà wá kọ́ ara wọn. Àrùn kan yóò wá di okùn tí a fi di egungun, ẹ̀jẹ̀ àti oògùn pọ̀, dípò kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa yí gbiri nínú orí. Yunifásítì náà tún ní ètò tí ó fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gbé ní abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún, láti mọ omi tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu àti àrùn tí ń bá wọn jà. Ti àwọn ọmọ ìlera ni wọ́n ń pè ní COBES.

Àwọn òǹkàwé wa tí ó jẹ́ ará Ìlọrin yóò ti rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí pé láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìlera Yunifásítì Ìlọrin ti ń rán ọmọ lọ sí ìgbèríko ní abẹ́ orúkọ COBES kan náà. Ṣáájú wọn, ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé àwọn ọmọ ìṣègùn lọ sí Ìgbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí wọ́n ti ń gbé tí wọ́n sì ń kọ́ ìṣègùn láàárín àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ tí ibà sọ di aláìlẹ́jẹ̀ lára ní gbàgede ilé rẹ̀ kò nílò àwọ̀ ìyeyè kí ó tó rántí ohun tí ibà ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀.

N kò fẹ́ kí a rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ọ̀nà fífi ìṣòro aláìsàn kọ́ni yìí máa ń dá kún ẹrù fún ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wá ìmọ̀ fúnra ẹni, tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọ́ láti dúró de ohun tí olùkọ́ yóò kọ sí ojú pátákó. Ó ń ná owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì nílò olùkọ́ púpọ̀. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan ni a sì ti ń rí ẹni tí yóò jẹ nínú ọbẹ̀ tí kò já ewé. Síbẹ̀, bí a bá gbé àǹfààní àti àléébù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, mo fara mọ́ ọ̀nà ti Tamale, nítorí pé ó mú akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ìdánìkanwà tí Prince rí ní Aró. Agbo tí kò dára ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ó bá dá wà pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru kò ní ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tí ó ń kà ti kọjá ohun tí ọpọlọ ń gbà.

Ní ti ìṣe ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé dé lẹ́yìn ojú ewé díẹ̀ kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó kà. Kí ó padà sí i lọ́la, àti lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ó lo ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ó má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú ooru Tamale, wákàtí méjì lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀ sàn ju márùn-ún lọ ní ọ̀sán gangan. Kí ó jẹ waakye rẹ̀ tàbí tuo zaafi rẹ̀ lásìkò. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ìwé ni a ń kà tán: ọlọ́gbọ́n a máa bi àwọn tí ó wà ní ọdún iwájú pé èwo ni igi ẹ̀kọ́ náà, èwo sì ni ewé.

Ibi tí ó ṣòro jù ni ìtìjú. Àwọn tí ń kọ́ ìtọ́jú ẹlòmíràn ni ó máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó sọ pé ara àwọn kò dá, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí yóò di dókítà kò gbọdọ̀ ṣàárẹ̀, àti pé bí ilé bá gbọ́ pé ìdánwò kan bọ́, ojú yóò ti bàbá ní mọ́sálásí, yóò sì ti ìyá ní ọjà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdánwò tí a kò yege ṣeé tún ṣe. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìlera tí mo mọ̀ ni ó ní àyè fún àtúnṣe, àwọn dókítà tí ó gba àyè náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, tí aláìsàn kò sì bi wọ́n léèrè rí iye ìgbà tí wọ́n fi kọ́ egungun ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pè yín láti Tamale, láti Ìbàdàn tàbí láti Ilé-Ifẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun, kí ẹ tó béèrè máàkì. Ẹ̀yin alákòóso ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe kó ìdánwò mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, ẹ sì fi yàrá olùdámọ̀ràn sí ibi tí ọmọ lè wọ̀ láìsí pé gbogbo kíláàsì ń wò ó.